Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Kí A Tó Fín Rọ́bà Sí Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù Ẹgbẹ́

 

Ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ ní ìpàdé wa tó kọjá, tí àkókò kò jẹ́ kí a yanjú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa dìde, ó ní ọ̀dà ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ ti ń họ, ìpẹtà sì ti ń yọjú. Ó ní kí ẹgbẹ́ yọ owó, kí a lọ fín rọ́bà dúdú sí i, irú èyí tí òun rí lára ọkọ̀ Hilux kan ní Ìbàdàn. Bàbá kan dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, pákó la fi ń tẹ́ ẹ láyé tiwa, kò sì sóhun tó ṣe é." Ìyá kan ní òun ò lòdì sí ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun ohun tí rọ́bà náà ń ṣe gan-an, nítorí owó tòun náà wà níbẹ̀. Bàbá Alága wá ní kí èmi Akọ̀wé lọ wádìí, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé wa, kí kálukú lè kà á kí a tó dìbò ní ìpàdé gbogbogbòò.

Kí n ti sọ kókó ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀ má baà pàdánù. Rọ́bà fífín dára. Ṣùgbọ́n kì í wo irin sàn. Irin tó ti mọ́, tó ti gbẹ, tó ti bọ́ lọ́wọ́ ìpẹtà ni ó ń dáàbò bò. Bí a bá fín in lé ìpẹtà lórí, ṣe ni a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá.

1. KÍ NI Ó Ń BA Ẹ̀YÌN ỌKỌ̀ JẸ́ LỌ́DỌ̀ WA?

Nǹkan mẹ́ta ló ń pàdé kí ìpẹtà tó dé: irin, omi àti afẹ́fẹ́. Ọ̀dà ni ó ń dúró láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n pàdé. Níbi tí ọ̀dà bá ti họ, bí ó tilẹ̀ kéré bí èékánná, ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò gbà wọlé, yóò sì máa jẹ lọ lábẹ́ ọ̀dà tó kù láìjẹ́ pé ojú rí i.

Kí ló ń họ ọ̀dà? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Igi ìdáná, àpò èédú, búlọ́ọ̀kù, dírọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ ìlọta tí a ń wọ́ wọlé wọ́ jáde, àti yanrìn pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tó ń bá bàtà àwọn ọmọ tí ń di ẹrù wọlé. Bí ọkọ̀ bá ti ń jó lójú ọ̀nà oko, ẹrù náà ń lọ yanrìn yẹn mọ́ irin bí ìgbà tí èèyàn ń fi sáńpépà ha á.

Kí ló sì ń mú ìpẹtà yára? Àwọn ará Èkó ń sá fún iyọ̀ òkun. Ní tiwa ní Òkè-Ògùn, àpò ajílẹ̀ ni òkun wa. NPK àti yúríà ń hùwà bí iyọ̀. Wọ́n ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ pàápàá, ìdí nìyí tí ajílẹ̀ tí a kò dì dáadáa fi ń dì bí òkúta nínú àpò. Ajílẹ̀ tó bá dà sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a kò gbá, omi ni yóò máa fà sí irin lára tọ̀sán-tòru. Omi ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó kan, omi èso kajú kan, ìtọ̀ ewúrẹ́ àti ti màlúù, gbogbo wọn ló ń jẹ irin. Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí nìyẹn.

2. Ẹ̀KỌ́ TÍ A TI FI OWÓ RÀ

Ẹ ò ní tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ ọpọ́n rọ́bà. Nígbà tí a ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yìí, Alága, Akápò àti èmi la lọ wò ó. A gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, a wo táyà, a wà á lọ wà á bọ̀. Ọpọ́n rọ́bà dúdú kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán bí ojú dígí. A yìn ín. Kò sẹ́ni tó gbé e sókè nínú wa.

Ní àkókò òjò kejì, ọmọ tí ń bá wa di ẹrù fò sókè sínú ọkọ̀, ilẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ìgbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọpọ́n náà. Yanrìn tútù, ewé jíjẹrà àti omi ló kún abẹ́ rẹ̀. Ọpọ́n náà ti ń jó lórí irin láti ọdún mọ́dún, ó ti fi ìdí ha ọ̀dà kúrò. Irin tó wà lábẹ́ ti di ajọ̀. Ẹ̀yin náà mọ iye tí a san fún wẹ́dà, ẹ sì mọ̀ pé èrè ọdún yẹn tí ó yẹ kí a pín ni a ti yọ ọ́.

Èmi ni mo kọ ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ náà fún ìgbìmọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ̀yìn rẹ̀ dára." Mi ò wo abẹ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ẹ̀bi mi ni, mo sì tún ń tọrọ àforíjì. Ohun tí mo ń sọ lónìí ni pé kí a má ṣe irú àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀kejì, kí a máa fi ohun dúdú tó ń dán bo ohun tí a kò tíì yẹ̀ wò.

3. ÀWỌN OHUN TÍ A LÈ FI TẸ́ Ẹ̀YÌN ỌKỌ̀

Rọ́bà fífín nìkan kọ́ ló wà. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

(a) Pákó. Àwọn tó wa Peugeot 404 àti 504 onípíkọ́ọ̀pù mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò wọ́n, káfíńtà àdúgbò lè ṣe é, ó sì ń gba búlọ́ọ̀kù àti igi lára irin ju ohunkóhun lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé pákó ń mu omi, ó sì ń fi omi náà pamọ́ sára irin. Ẹni tó bá lo pákó gbọ́dọ̀ máa yọ ọ́ kó sì sá a. Pákó tí a kàn mọ́lẹ̀ tí kò ṣeé yọ, ọ̀tá ni.

(b) Irin títẹ́ tí wẹ́dà ń jó mọ́ ọn. Ó le, ṣùgbọ́n ó wúwo, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló sì ń dín ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé kù. Iná wẹ́dà ń jó ọ̀dà tó wà lábẹ́, omi á sì máa wọ àárín irin méjèèjì níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé mọ́.

(d) Rọ́bà títẹ́, bí ẹní. Ó rọ̀, ẹrù kì í yọ̀ lórí rẹ̀, èèyàn méjì lè ká a kúrò. Ó ń dáàbò bo ilẹ̀ nìkan, kò dé ẹ̀gbẹ́. Òun náà ń fẹ́ kí a máa ká a kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ.

(e) Ọpọ́n rọ́bà. Ó ń gba ìkọlù dáadáa, ó ṣeé gbé kúrò. Ṣùgbọ́n ẹrù ń yọ̀ lórí rẹ̀, ẹ sì ti rí ohun tó fi pamọ́ fún wa.

(ẹ) Rọ́bà inú agolo, tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí rólà kùn, tàbí tí a ń fi ìbọn kékeré fín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀dà lè ṣe é. Ó ń lẹ̀ mọ́ irin, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń fẹ́lẹ́.

(f) Rọ́bà fífín onímáṣíìnì. Èyí ni ọmọ wa rí ní Ìbàdàn. Ó lẹ̀ mọ́ irin pátápátá, kò sí àyè fún omi láti wọ abẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, nítorí náà ó ń di ẹrù mú. Ó tún ń dín ariwo kù. Òun ló wọ́n jù.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì nípa èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Àkọ́kọ́, kò nípọn tó láti má jẹ́ kí irin tẹ̀ wọnú. Bí a bá ju búlọ́ọ̀kù sí i láti òkè, rọ́bà náà lè má ya, ṣùgbọ́n irin abẹ́ rẹ̀ yóò tẹ̀. Ọjọ́ tí a bá kó búlọ́ọ̀kù tàbí igi, a ṣì máa nílò pákó tàbí rọ́bà títẹ́ lórí rẹ̀. Ìkejì, a kò lè ká a wò. Ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fín in, òun náà ni yóò máa wà níbẹ̀.

4. KÍ NI RỌ́BÀ FÍFÍN YÌÍ GAN-AN?

Orúkọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni polyurethane tàbí polyurea. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Otto Bayer, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n rí polyurethane ní 1937, fóòmù tí a sì ń sùn lé nínú ilé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ní Amẹ́ríkà ni fífín in sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ti di òwò ńlá: ilé iṣẹ́ Rhino Linings bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1988, LINE-X sì tẹ̀lé e ní 1993.

Omi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní isocyanate, èkejì ni olùdàpọ̀ rẹ̀. Ní ti polyurea, máṣíìnì ń gbóná àwọn omi méjèèjì kọjá ìwọ̀n 60 Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó ń fi agbára ńlá tì wọ́n, ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń pàdé. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti dì. Polyurethane kì í yára tó bẹ́ẹ̀, àwọn irú rẹ̀ kan kò sì nílò iná tàbí agbára púpọ̀. Ẹ rí i pé ìbọn tí oníṣẹ́ ọ̀dà ẹ̀bá ọ̀nà fi ń fín ọ̀dà kọ́ ló lè ṣe polyurea gbígbóná. Bí ẹnì kan bá ní polyurea lòun fẹ́ fín, tó sì gbé agolo kan àti kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ táyà wá, ẹ bi í dáadáa.

Òòrùn tiwa le. Èyí tó pọ̀ nínú rọ́bà yìí, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá, á funfun bí ẹni da eérú lé e. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ṣíṣá àwọ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣí kúrò lára irin. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ohun tó ń gba oòrùn sí lójú, wọ́n sì máa ń wọ́n jù. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń kó àgbàdo sanwó nítorí ẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun dúdú máa ń gbóná nínú oòrùn: ẹni tó bá kó iṣu tàbí ewébẹ̀, kó fi tapólì bò ó, kó sì tẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

5. ÌṢIRÒ TÍ KÒ NÍ JẸ́ KÍ WỌ́N RẸ́ WA JẸ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo wa fara balẹ̀ sí, torí ìmọ̀ yìí kò gba owó.

Lítà 1 rọ́bà, bí a bá tẹ́ ẹ sórí sìkúwà mítà 1, yóò nípọn tó mìlímítà 1. Kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni yòówù kó fín in. Bí a bá fẹ́ mìlímítà 3, lítà 3 ni sìkúwà mítà kan yóò mu.

Mo fi téèpù wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ wa. Òró rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, ìbú rẹ̀ mítà 1.5, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, ìyẹn mítà 0.45.

Ilẹ̀: 1.5 × 1.5 = 2.25
Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 1.5 × 0.45 × 4 = 2.70
Àpapọ̀: 4.95, ká pè é ní sìkúwà mítà 5.

Iṣẹ́ tó dára máa ń nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 3 ní ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sì lè jẹ́ mìlímítà 2. Nítorí náà:

Ilẹ̀: 2.25 × 3 = lítà 6.75
Ẹ̀gbẹ́: 2.70 × 2 = lítà 5.40
Àpapọ̀: lítà 12.15

Ó kéré tán, lítà 12 gbọ́dọ̀ wọlé, láìka èyí tí afẹ́fẹ́ máa gbé lọ. Bí onímáṣíìnì bá ń lo omi méjì, àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni à ń kà. Wàyí o, bí ẹnì kan bá mú agolo onílítà 4 kan wá, tó ní òun máa fi bo gbogbo rẹ̀, ẹ pín 4 sí ọ̀nà 5: mìlímítà 0.8 ni. Bí tínà bá tún wà nínú agolo náà, tínà yóò fò lọ bí ó bá ti ń gbẹ, èyí tó máa ṣẹ́kù á tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ohun tó wà nínú agolo náà burú o. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó gba owó mìlímítà 3 lọ́wọ́ wa.

Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó nípọn tó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán? Kí a mú irin pẹlẹbẹ kékeré kan lọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n ha á, kí wọ́n sì fín in pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lójú wa. Tí ó bá ti gbẹ, kí a fi ọ̀bẹ gé rọ́bà rẹ̀, kí a fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí a sì gbìyànjú láti ṣí i. Bí ó bá ṣí wẹ́rẹ́ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti inú ọkọ̀ máa rí lọ́la. Kí a kó irin náà sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

6. BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ IRIN KÍ A TÓ FÍN IN

Ìkíní: Kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹnì kan wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán gangan. Kí ó fi òòlù kékeré máa kàn án jẹ́jẹ́: irin tó dá ṣáṣá ń dún gbọnran, èyí tí ìpẹtà ti jẹ ń dún bí ìkòkò tó sán. Kí ó fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ gún ibi tó bá fura sí.

Ìkejì: Ibi tó ti lu, kí wẹ́dà gé e kúrò, kó sì fi irin tuntun dí i. Ṣíṣe fílà lé ihò lórí kò tó.

Ìkẹta: Kí a fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, pàápàá ní kọ̀rọ̀, kí iyọ̀ ajílẹ̀ lè jáde. Tí a bá kọ́kọ́ ha á kí a tó fọ̀ ọ́, ṣe la ń ha iyọ̀ náà wọnú irin.

Ìkẹrin: Bí ó bá ti gbẹ, kí a fi tínà nu epo àti gírísì kúrò. Epo ló máa ń jẹ́ kí rọ́bà ṣí.

Ìkarùn-ún: Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà yọ gbogbo ìpẹtà títí irin á fi funfun. Ọ̀dà tó ṣì le dáadáa, kí a ha á kí dídán rẹ̀ kúrò. Rọ́bà kì í di ohun tó ń dán mú.

Ìkẹfà: Irin tó ti ṣí sílẹ̀, kí a kun ún ní ọ̀dà àkọ́kùn tí ẹni tó ṣe rọ́bà náà bá là sílẹ̀ lára agolo rẹ̀. Kí a má fi ọ̀dà tí a bá rí ṣe é lásán.

Ìkeje: Ihò tí omi ń gbà jáde, kí a má dí i. Ìkọ́ tí a ń so okùn mọ́ àti ojú ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí a fi téèpù bò wọ́n.

Ìkẹjọ: Kí a yan ọjọ́ tó gbẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé isocyanate àti omi kì í gbé ilé kan náà. Bí ó bá kan omi, wọ́n á mú afẹ́fẹ́ jáde, rọ́bà náà á hó bí àkàrà, á sì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú kí fóòmù tìmùtìmù wú nìyẹn gan-an, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ tìmùtìmù ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Nítorí náà, oṣù kọkànlá lẹ́yìn òjò ni mo rò pé ó dára jù, kí eruku ọyẹ́ tó le, kí àkókò kajú sì tó dé. Lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ láàárọ̀, nínú ṣẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ní gbangba.

Bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé òun lè fọ̀ ọ́, ha á, fín in tán láàárín wákàtí kan, ẹ bá mi kí i pé ó dàbọ̀.

7. EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìkùukùu isocyanate tí ń fò bí wọ́n ti ń fín in lè fún èèyàn ní asímà, àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn lè mí dáadáa. Ẹni tó bá ti mú lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ kíún lè dá a padà fún un títí ayé. Áńkáṣíìfù tí a so mọ́ imú kò ràn án. Ẹni tí ń fín in gbọ́dọ̀ lo ìbòjú tí páìpù ń fi afẹ́fẹ́ tútù ránṣẹ́ sí, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì bo ara. Kí ọmọdé àti awakọ̀ wa má dúró nítòsí. Ilé iṣẹ́ tí kò bá ní ìbòjú fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹgbẹ́ wa má gbé iṣẹ́ fún un. Ọmọ ẹlòmíì ni ọmọ iṣẹ́ yẹn. Bí rọ́bà náà bá ti gbẹ tán pátápátá, ewu ìkùukùu yẹn ti kúrò.

Lọ́jọ́ iwájú, bí a bá fẹ́ jó irin níbẹ̀, kí wẹ́dà kọ́kọ́ ha rọ́bà kúrò yí ibẹ̀ ká. Èéfín rẹ̀ bí ó bá ń jó jẹ́ májèlé.

Ẹ̀kẹta ni ti bẹntiróòlù. Púpọ̀ nínú wa ló ń gbé jálá lọ ra epo fún jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ. Ní 1998, àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́, kìlọ̀ nípa iná tó ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń bu epo sínú jálá tó wà lórí ọpọ́n rọ́bà ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Ohun tó fà á ni pé bí epo ti ń ṣàn, ó ń kó irú iná mànàmáná kékeré kan jọ sára jálá. Bí jálá bá wà nílẹ̀, iná náà á wọlẹ̀ lọ. Bí ó bá wà lórí rọ́bà, kò ní ọ̀nà láti lọ, ó lè ta pàrà, kí epo sì gbiná. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ ọpọ́n, ìbáà jẹ́ rọ́bà títẹ́ tàbí fífín: ẹ sọ jálá kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó bu epo sí i. Kí awakọ̀ wa gbọ́ èyí dáadáa o.

8. ÌMỌ̀RÀN MI FÚN ÌPÀDÉ GBOGBOGBÒÒ

Ìpàdé ló ni àṣẹ. Èmi kàn ń dábàá ni.

Àkọ́kọ́, kí a dìbò fún àtúnṣe irin náà ṣáájú, yálà a máa fín rọ́bà tàbí a kò ní fín in. Èyí kò ní ìjíròrò nínú lójú tèmi.

Èkejì, kí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí kì í ṣe ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀ nígbà àyẹ̀wò, kí wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe Akọ̀wé nìkan mọ́.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá rí i pé irin náà dára, tí ibi tó lu kò ju ibi kan tàbí méjì lọ, a lè fín rọ́bà sí i, yóò sì bá wa kalẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àbùlẹ̀ ló máa pọ̀ ju irin ojúlówó lọ, kí a kun ún ní ọ̀dà pupa tó ń gbógun ti ìpẹtà, kí a ra rọ́bà títẹ́ tó ṣeé ká, kí a sì tọ́jú owó tó kù de ọkọ̀ mìíràn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá wa nípa pákó kò sì ṣubú: ọjọ́ búlọ́ọ̀kù, pákó la máa lò.

Ẹ̀kẹrin, kí a gba iye lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rọ́bà, iye lítà, ìnípọn àti bí yóò ṣe tọ́jú irin. Kí a má san gbogbo owó tán kí a tó gé irin ẹlẹ́rìí wò.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ro pé rọ́bà ti gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wa. Gbogbo ọjọ́ tí a bá kó ajílẹ̀ tàbí ẹ̀gẹ́, kí awakọ̀ fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kó tó sùn. Bí rọ́bà bá ya níbì kan, kí ó wá sọ lọ́sẹ̀ yẹn, kí a lẹ̀ ẹ́ kí omi tó wọ abẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí ọpọ́n rọ́bà fi ba irin wa jẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bò ó?
2. Oníṣẹ́ kan ní lítà 8 ni òun máa lò fún sìkúwà mítà 5. Báwo ni yóò ti nípọn tó?
3. Èwo ló yẹ kó ṣáájú: fífọ̀ tàbí híha? Kí nìdí?
4. Níbo ló yẹ kí jálá wà nígbà tí wọ́n bá ń bu bẹntiróòlù sí i?
5. Ẹrù wo ni ìwọ fúnra rẹ ń fi ọkọ̀ ẹgbẹ́ kó jù, èwo nínú àwọn ohun títẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì bá a mu?

Kí ẹni tó bá mọ ìwé kà ka èyí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kí olúkúlùkù mú ìdáhùn rẹ̀ wá sí ìpàdé, kí àwọn tó ti tẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tiwọn rí sì wá sọ ohun tí ojú wọn rí fún wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ohun tí a bá sì fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Tẹ̀dé.